Ta Ló Ni Aṣojú Adójútòfò?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ aṣojú adójútòfò tí kì í gba owó oṣù ló jẹ́ pé ọwọ́ alágbàtà ńlá kan ni wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá tà. Alágbàtà yìí ló máa ń kọ́ wọn níṣẹ́, òun ló máa ń fi ọ̀nà oníbàárà hàn wọ́n, òun náà ló sì ń jẹ lára ohun tí wọ́n bá tà. Bí aṣojú bá fẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹlòmíràn, àfi kí alágbàtà fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Bí kò bá fọwọ́ sí i, aṣojú á dúró. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ púpọ̀, oṣù mẹ́fà ni ìdúró yìí, kò sì gbọdọ̀ bá ilé-iṣẹ́ náà ta ohun tuntun kankan títí yóò fi pé. Ẹni tí owó yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣojú bá lọ gan-an ni wọ́n fi ṣe adájọ́ bóyá kó lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ lójú tèmi.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òkè òkun. Iṣẹ́ pọ̀ fún aṣojú ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà kàn ra adójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹ wá wo iye ilé-iṣẹ́ tó tò sí ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, adójútòfò ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ jù ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni, àwọn ọlọ́pàá sì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 àwọn yóò máa béèrè ìwé rẹ̀ lójú pópó. Àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ NAICOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lábẹ́ ọ̀gá tó ń jẹ lára títà wọn. Níbi tí ètò bá ti rí báyìí, ìjà ìyọ̀ǹda ò jìnnà.

Ọ̀gá náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó náwó kọ́ni, ó lè ti san kọmíṣọ̀n sílẹ̀ kí oníbàárà tó san owó pé, ẹ̀rù sì ń bà á pé aṣojú yóò kó gbogbo oníbàárà lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n owó ṣeé kà. Kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, kí aṣojú san án, kí ó máa lọ. Ọ̀gá télọ̀ ní Ṣàngó náà ń kọ́ ọmọṣẹ́ lóhun tí yóò fi bá a du oníbàárà lọ́la, síbẹ̀ wọ́n ti sọ iye ọdún kí ọmọṣẹ́ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Bí ọdún bá pé, ó di dandan kí ó ṣe fíríìdọ̀mù.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí àdéhùn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé lọ́dún 1973, nínú ẹjọ́ Koumoulis àti Leventis Motors, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà fara mọ́ àdéhùn tó dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ìdíwọ́ náà, wọ́n sì fi máìlì pààlà ibi tó dé. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 náà kò jẹ́ kí irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Ìdúró oṣù mẹ́fà kúrú ju ìwọ̀nyẹn lọ, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ò ní ìlànà kankan: ó lè yọ̀ǹda ẹni yìí lónìí, kó sì dá ẹnìkejì rẹ̀ dúró nítorí pé onítọ̀hún mọ ọjà tà jù.

Ohun tí wọn kì í sábà rò mọ́ ọn ni oníbàárà. Òfin adójútòfò ní Nàìjíríà sọ pé láìsan owó ṣáájú, kò sí ààbò. Ìyá aláṣọ tó jẹ́ pé aṣojú ló máa ń rán an létí, tó sì máa ń bá a sáré ìwé rẹ̀, lè jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó kọjá nígbà tí aṣojú ń ka oṣù nílé. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́sẹ̀ náà, òun ni yóò ru àdánù.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ṣí ọ̀nà fún òṣìṣẹ́ láti kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ alábòójútó kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi sílẹ̀. Mi ò rí ìdí tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin ní Ọ̀tà yóò fi lè kó owó rẹ̀ lọ, tí ẹni tó ń ta adójútòfò fún un kò ní lè kó ara rẹ̀ lọ. Kí ọ̀gá máa jẹ kọmíṣọ̀n lọ lórí ìwé tí wọ́n tà lábẹ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá ṣì ń san owó rẹ̀. Ìwé tí wọn kò tíì tà, ọ̀gá kò náwó lé e.