Sẹ̀gilọlá Lórí Ìkúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sẹ̀gilọlá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, síbẹ̀ ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ púpọ̀. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930 ni àwọn lẹ́tà rẹ̀ ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀. Obìnrin Èkó kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́ ìṣekúṣe ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn òǹkàwé bá a kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ. Ìwé náà ṣọ̀wọ́n títí Karin Barber fi tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Olùkọ́ kan ń fi ìwé yìí kọ́ àwọn tí ń múra ìdánwò ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Àgbowó, ní òdì kejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀ lọ́dọọdún: ǹjẹ́ ìrònúpìwàdà Sẹ̀gilọlá jẹ́ òtítọ́? Ìdáhùn olùkọ́ kò yẹ̀ pẹ̀lú: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo ẹkún rẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ Bíbélì tí ó ń tọ́ka sí, ẹ wo bí ó ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ọmọbìnrin kan tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní ọjà Bódìjà kò kọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí ń tọrọ àforíjì kì í ki ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríkì ni Sẹ̀gilọlá fi ṣe orúkọ ìwé: ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó wá béèrè pé, 'Àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ náà ńkọ́? Ta ni yóò jẹ́wọ́ tiwọn?' Olùkọ́ fún un ní máàkì mẹ́rin nínú ogún, ó ní ó ṣi ìbéèrè gbọ́.

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún ìwé ṣí. Ó wá rí i pé nínú ìtàn ojú-mi-ló-ṣe, asọ̀tàn ni olùjẹ́jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà sì ni ó ń dá ẹjọ́. Sẹ̀gilọlá méjì ni ó ń sọ̀rọ̀. Aláìsàn orí ibùsùn ń sunkún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rántí ọ̀dọ́mọbìnrin tí Èkó ń pọ́n lé, ẹnu rẹ̀ a dùn, orin àtijọ́ a sì jáde. Èyí kò sọ ọ́ di òpùrọ́. Ẹ̀dùn ọkàn àti adùn ìrántí lè jọ gbé inú ẹnìkan. Ní ti àwọn ọkọ, ohùn ẹyọ kan ni Thomas, ọkùnrin, fún ìtàn náà, obìnrin ni ó sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi gbọdọ̀ da òǹkọ̀wé pọ̀ mọ́ asọ̀tàn, kí ó sì wá ohun tí ìjẹ́wọ́ fi pamọ́ bí ó ti ń wo ohun tí ó sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dá ìwé ọmọbìnrin náà padà lójú gbogbo kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ìwé tí ó yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà pọ̀, iná sì lọ, ó sì ti pẹ́ tí òun ti ń kọ́ni, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun kì í ṣe ojúsàájú. Níbẹ̀ ni ó ti dákẹ́. Ó gbọ́ oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó ní, 'Mo jẹ̀bi. Ìwọ ni o ka ìwé yìí. Ìwé àkọsílẹ̀ tèmi ni mo ń kà.'

Ọmọbìnrin náà yára kúnlẹ̀. 'Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà.'

'Dìde,' ni olùkọ́ wí. Ó fa ìlà sórí mẹ́rin, ó kọ mẹ́rìndínlógún.