Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná Lórí Adágún Dídì: Ìrìnàjò Wa sí Québec

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọjú. Síbẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní, ní ilẹ̀ Québec lórílẹ̀-èdè Kánádà, ojú wa rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì kan ń hó nítorí ooru, láàárín otútù tó lè pa ènìyàn. Àwa mẹ́rin la jọ rin ìrìnàjò náà, ọmọ Kétu, ọmọ Sábẹ àti ọmọ Àjàṣẹ́, tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ gbé dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé bíi tiwa. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ sí ọ̀hún.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nílé, yìnyín ni a sábà máa ń pe gbogbo ohun tó bá dì. Níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òjò dídì, tó funfun, tó sì rọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀tọ̀ sì ni yìnyín, omi tó dì le bí òkúta. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni gbogbo ìtàn wa dá lé.

Valcourt ni a kọ́kọ́ yà sí, ìlú kékeré kan ní ìhà ìlà oòrùn Montréal. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Joseph-Armand Bombardier sí ní ọdún 1907. Gáráàjì tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1926 ṣì wà nínú ilé àkójọ ohun ìrántí tí wọ́n kọ́ sí ìlú náà. Láyé ìgbà náà, bí òjò dídì bá ti bo ọ̀nà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè kọjá mọ́; ohun tí ẹṣin bá lè wọ́ nìkan ló ń rìn. Ní ọdún 1934, ọmọkùnrin Bombardier, Yvon, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ṣàìsàn inú tó le. Ọ̀nà ti dí. Kò sí ohun tí yóò gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ó sì kú. Nígbà tí a gbọ́ ìtàn yìí, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ abúlé kan nílé tí ẹrẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ rí?

Bàbá ọmọ náà kò jókòó sínú ẹkún. Ní ọdún 1937, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó dá, ìgbànú rọ́bà tí àgbá eléyín ń yí, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní chenille. Ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta B7, ọkọ̀ tó lè gbé ènìyàn méje lórí òjò dídì. Dókítà ń fi í lọ wo aláìsàn, wọ́n ń fi í pín lẹ́tà, wọ́n sì ń fi irú rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí iléèwé. Nígbà tó di ọdún 1959, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n sọ ní Ski-Doo jáde: ìgbànú kan ṣoṣo lábẹ́, pátákó méjì tó ń yọ̀ níwájú, ènìyàn sì ń gùn ún bí ẹní gun alùpùpù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní motoneige, òun náà ni a sì fẹ́ gùn.

Láti Valcourt, a fi odidi ọjọ́ kan rìn lọ sí àríwá. A gba Trois-Rivières àti La Tuque kọjá, láàárín igbó tí òjò dídì ti tẹ orí igi rẹ̀ ba, títí a fi dé Roberval létí adágún Saint-Jean. Àwọn Ilnu, tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn Faransé tó dé, ń pe adágún yìí ní Pekuakami. Ìletò wọn, Mashteuiatsh, kò jìnnà sí Roberval. Adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní àsìkò otútù, ojú rẹ̀ a di pẹ̀tẹ́lẹ̀ funfun, wọn a sì fi òpó kéékèèké sàmì sí ọ̀nà tí motoneige yóò gbà.

Ọkọ̀ méjì ni a háyà, ènìyàn méjì-méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ìlú náà, ló ń fi ọ̀nà hàn wá lórí ọkọ̀ tirẹ̀. Kí a tó gbéra, ó yẹ omi ìtutù wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ó ní kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yá díẹ̀ kí a tó sáré, nítorí pé bí a bá fi ipá lé e nígbà tí kò tíì yá, irin inú rẹ̀ lè há mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá irin tín-ín-rín méjì hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbànú. Grattoirs ni wọ́n ń pè é. Ó ní, “Bí ẹ bá ti dé orí yìnyín, ẹ sọ wọ́n kalẹ̀.” A dáhùn pé a ti gbọ́. Òótọ́ ni pé a gbọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà.

Nígbà tí a wọ ojú adágún, eré dùn mọ́ wa. Afẹ́fẹ́ ti gbá òjò dídì lọ, yìnyín tó ń dán bíi dígí nìkan ló kù lábẹ́ wa. Àwa tí a wà lórí ọkọ̀ kejì kò rántí ọ̀pá kankan. Kò pẹ́, èyí àbúrò tó jókòó sẹ́yìn pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, iná pupa ti tàn o!”

Ẹni tó ń wakọ̀ dáhùn pé, “Fi í sílẹ̀, àbúrò. Kí ló lè gbóná nínú otútù báyìí?”

Ìdáhùn náà kò dúró pẹ́ kó tó dé. Oorùn rọ́bà tó ń jóná gba imú wa, èéfín omi yọ níwájú, agbára ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó sì kú. Dígíríì 24 lábẹ́ òdo ni otútù ọjọ́ náà. Àwọn tó ṣáájú ti lọ jìnnà, etí adágún kò hàn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní oṣù Kìn-ín-ní níbẹ̀. Ìka ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú ìbọ̀wọ́. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ìdágìrì tó bá Valcourt ní ọdún 1934 kò tíì kúrò láyé: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lórí òjò dídì, ó ti di ẹni tí kò ní ọ̀nà.

Nígbà tí bàbá náà wẹ̀yìn tí kò rí wa, ó padà. Ọ̀kan nínú wa ti na ọwọ́ sí ìdérí omi ìtutù. Bàbá gbá a lọ́wọ́ mú, nítorí pé omi gbígbóná lè tú jáde bó ènìyàn lójú. Ó mú ṣọ́bìrì, ó kó òjò dídì tó ṣù jọ sídìí òpó kan, ó dà á sábẹ́ ọkọ̀ àti sórí ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀, a sì ń wò ó bó ti ń yọ́. Bí a ti ń dúró, ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ẹ́ńjìnnì àwọn alùpùpù kéékèèké tó ń gbé èrò ní Àjàṣẹ́ sábà máa ń tutù nípa afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín ìyẹ́ irin ara rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní radiateur níwájú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ motoneige tó ń lo omi ìtutù, inú ihò alumíníọ̀mù tó wà lábẹ́ ìjókòó, lókè ìgbànú, ni omi gbígbóná náà ń gbà kọjá. Bí ìgbànú bá ń yí, yóò máa da òjò dídì lu alumíníọ̀mù náà. Òjò dídì yóò yọ́, yóò sì gbé ooru lọ. Kílò kan òjò dídì tó bá yọ́ di omi ń gba ooru tó tó èyí tí yóò mú kílò omi kan láti òdo dé nǹkan bí dígíríì 80. Afẹ́fẹ́ nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó tutù tó. Lórí yìnyín líle, ìgbànú kò rí ohun tí yóò dà sókè. Ohun tí àwọn ọ̀pá náà wà fún nìyẹn: wọ́n ń ha yìnyín, èérún rẹ̀ ń fò sókè, ó ń tu ẹ́ńjìnnì, ó sì ń tu àwọn ike tí ìgbànú ń yọ̀ lé lórí, èyí tó ti ń jó tí a fi gbọ́ oorùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gùn ún kò gbọdọ̀ gbàgbé nǹkan wọ̀nyí. Kí ó sọ ọ̀pá kalẹ̀ lórí yìnyín, kí ó sì gbé wọn sókè kí ó tó fi ẹ̀yìn rìn, kí wọ́n má baà ṣẹ́. Kí ó máa yà sínú òjò dídì tó rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lóòrèkóòrè, níbi tí ó bá tọ́. Kí ó má ṣe dúró lójú kan pẹ́ títí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, kí ó dẹ eré, kí ó wá òjò dídì. Bí kò bá rí i, kí ó pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ́ńjìnnì tó pa ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tán, bàbá yẹ omi wò, ó bù kún un, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ̀pá méjèèjì kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. A rọra tẹ̀ lé e. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí iná Roberval hàn lókèèrè, pẹ̀lú àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n máa ń kọ́ sórí adágún dídì náà lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọdé ń sáré yí ká.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí èyí àbúrò bá ti ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná yìí,” a ń dúró, a sì ń wò ó.