Bí Ọyẹ́ Bá Bá Yín Lọ́nà Imoru

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè ń ya, tí ẹsẹ̀ sì ń funfun bí ẹni tí ó tẹ eérú, ìgbà náà gan-an ni ìpè ẹbí máa ń pọ̀. Wọ́n ń so yìgì níhìn-ín, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ní ẹbí ní ìhà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ìrìn-àjò kan lọ sí Imoru, kí n lè sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ fún yín.

Imoru wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Arimogija sì ni aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ yóò dé Ọ̀wọ̀, yóò sì gba ìhà Ifọ́n, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, kí ó tó wọ ọ̀nà ìgbèríko. Ilẹ̀ oko ni ibẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì mọ àlejò í ṣe.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí. Ẹ kò ní gbàgbé pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní Elegbeka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n, ni àwọn oníbọn pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adeusi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ má sì ṣe kánjú jáde ní ìdájí, nítorí pé ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀nà bí aṣọ, dẹ́rẹ́bà kì í sì í rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ títí yóò fi dé iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn là dáadáa. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, 122 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ní ọdún kan tí mo ń lọ síbi yìgì ní Imoru, dẹ́rẹ́bà wa ń sáré nínú eruku bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwa ọkùnrin mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, a dákẹ́. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn ni ó sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, yìgì ni à ń lọ o, kì í ṣe jánásà.” Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó sì dẹ ẹsẹ̀. Ojú tì mí, èmi tí wọ́n ń pè ní ará mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe dákẹ́ nínú ọkọ̀.

Bí a bá wá gúnlẹ̀ láyọ̀, ewu kan tún kù tí kò sí lójú títì, eku sì ni ó ń gbé e kiri. Ibà Lassa ni mo ń wí. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìhà Borno. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ sì wà lára ibi tí ó ti ń jà jùlọ ní orílẹ̀-èdè wa, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó fi ń dé inú oúnjẹ àti ara ohun èlò. Gààrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí eku ń gorí rẹ̀, lè gbé e wọlé. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn náà lè kó o ran ẹlòmíràn.

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa pé kí a máa bo ohun èlò wa ní alẹ́. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ náà ti wúlò tó! Ẹ fi gààrí àti ìrẹsì sínú ohun tí ó ní ọmọrí líle, ẹ dí ihò ara ògiri, ẹ sọ ìdọ̀tí jìnnà sí ilé, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ kan eku.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jùlọ nìyí: ìrìn-àjò yín kò parí ní ọjọ́ tí ẹ padà délé. Àìsàn yìí lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 21. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá ní in, bí 8 kì í mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ti àwọn ìyókù a máa bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Ó lè di ẹ̀jẹ̀ dídà, ó sì lè di etí ẹlòmíràn. Bí ara yín bá gbóná láàárín ọjọ́ 21 náà, tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Ìhà Ọ̀sẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.” Ẹ má ṣe tìjú. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó wà ní Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo. Ẹni tí ó tètè dé ni ìtọ́jú ń ṣe lóore jù. Àjọ NCDC náà ní nọ́ńbà, 6232.

Ó kan èyí tí ó ṣòro sọ fún àwa tí a máa ń wẹ òkú. Bí dókítà bá ní ibà Lassa ni ó pa ẹni wa, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ní aṣọ ààbò fọwọ́ kàn án. Àwọn onímímọ̀ ti ṣe àlàyé pé bí wíwẹ̀ bá léwu, a lè ṣe tàyámọ́mù fún òkú. Bí ìyẹn náà bá léwu, a ó kírun sí i lára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìsìláàmù kò ní kí alààyè ti ara òkú kú.

N kò ní kí ẹ má lọ sí Imoru o. Okùn ẹbí kò ṣeé já, eku kò sì mọ ààlà ìlú. Ẹ lọ, ẹ jẹun, ẹ bá wọn yọ̀, kí ẹ sì ka ọjọ́ 21 nígbà tí ẹ bá dé. Ọlọ́hun yóò mú wa lọ, yóò mú wa bọ̀. Àmín.