Kòkòrò Tó Lọ Láfún Kó Tó Dé Ọ̀lọ

Ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni ń ha igbá nínú òkùnkùn. Iyàrá tí Ìyá Àgbà ń kó ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sí ní Ìwó ni mo sùn sí. Mo rò pé eku ni. Ilẹ̀ mọ́, a tú àpò kan wò: lẹ́búlẹ́bú ló kù níbẹ̀. Òpó igi tí àpò fara tì náà ti lu bí ajẹ̀rẹ̀.

Ìyá ní, "Kòkòrò tí mo mọ̀ láti kékeré máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún èèyàn. Èyí ò ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àlejò ni. Prostephanus truncatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn kòkòrò ajẹgi. Orí rẹ̀ tẹ̀ sábẹ́ èjìká bí ẹni tó ń foríkanlẹ̀. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló dé Tógò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ti wọ Nàìjíríà.

Tógò ò káwọ́ gbera. Ní 1991, wọ́n tú kòkòrò mìíràn tó ń pa á jẹ sílẹ̀, Teretrius nigrescens. Bẹ̀nẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1992. Òórùn tí akọ ajẹgi fi ń pe abo ni ọdẹ yìí ń tọ̀ lọ bá a. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ inú igbó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti dá ṣáṣá jù. Nínú àká, kì í tètè ká ọ̀rọ̀ náà.

Inú àká sì ni jíjẹ mímu wa wà. Kò sẹ́ni tó wá kọ́ Ìyá lóhun tí wọn yóò ṣe. Ẹni tó wá ni ẹni tó ń ta oògùn apakòkòrò. Mo bá ìgò kan lẹ́yìn àpò. Àyà mi já: àmàlà láfún la jẹ lálẹ́ àná.

"Ẹ fi sí i ni, Ìyá?"

"Gbogbo ọjà ló ń lò ó."

Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos lọ́jà gbangba. Òfin yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìgò lọ́wọ́ arúgbó, ó yẹ kó fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́.

A da gbogbo ẹ̀gẹ́ náà nù, a dáná sun òpó, a gbá iyàrá mọ́ tónítóní. Lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ tó gbẹ dáadáa wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ dí pa, tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Owó dúrọ́ọ̀mù ni Ìyá ń ráhùn lé lórí báyìí.