Ogún Tí Àáfà Kò Pín

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, nígbà tí bàbá mi jáde láyé, àáfà pín ogún wọn fún wa bí òfin Ọlọ́hun ti là á kalẹ̀: ọmọkùnrin gba ìpín méjì, ọmọbìnrin gba ìpín kan. Ṣùgbọ́n ogún kan wà tí àáfà kò pín, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa àbúrò bàbá mi obìnrin méjì, kí wọ́n tó pé ẹni àádọ́ta ọdún. "Àìsàn ránpẹ́" ni àwọn àgbà ilé ń pè é, kí àwọn tí ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ wa má baà sá. Nígbà tí dókítà bi mí bóyá àrùn náà wà nínú ẹbí wa, mo ní rárá. Mo rò pé ìhà ìyá nìkan ni ó kan. Lẹ́yìn ọdún kan, kókó yọ sí ọmú èmi náà.

Dókítà tí ó tọ́jú mi ni ó là mí lọ́yẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó ní jíìnì BRCA1 àti BRCA2, tí ń ṣàtúnṣe ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ara. Bí a bá jogún èyí tí ó ní àbùkù, àtúnṣe kò ní péye mọ́, jẹjẹrẹ a sì tètè ráyè. Bàbá lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá. Nínú ogún yìí, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin dọ́gba: bí òbí kan bá ní i, ó lè kan ọ̀kan nínú ọmọ méjì.

Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ni ó jogún àbùkù nínú BRCA1, BRCA2 tàbí jíìnì mìíràn tí ó jẹ mọ́ jẹjẹrẹ. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jogún rẹ̀ ni yóò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ lè tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ti pe ọmọ náà jókòó, mo sì ti sọ fún un.

Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè, níhà ìyá àti níhà bàbá: ta ni àrùn yìí ṣe, ọmọ ọdún mélòó sì ni? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.