Kẹ̀kẹ́ Oníná Tí Mo Fi Ń Bá Ọmọ Mi Gun Òkè

Ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Díẹ̀ ni ó kù kí èmi náà jìn sí kòtò nígbà tí mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníná, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ìlú Sheffield ni a ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ń ṣe ladáànì mọ́sálásí wa. Ìlú olókè ni bí Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí Peak District, ilẹ̀ òkè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1951 fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ẹ̀yìn ni mo ń wà. Ní ọjọ́ kan ó wí fún mi pé, “Dádì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ sinmi nílé.” Kò fi àrífín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná tọ ìyá wọn lọ. Ó gbà pé kí a yọ 3,000 pọ́n-ùn nínú owó tí a ń kó jọ, ṣùgbọ́n ó bi mí pé, “Bàbá wọn, bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?” Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìbéèrè náà ni olórí gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin kan kọ́kọ́ fẹ́ ta ọ̀kan fún mi ní owó pọ́ọ́kú, ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ tó 1,000 wáàtì. Mo ti ń ka owó kí n tó béèrè òfin. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ oníná kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, àti pé kí ẹ̀rọ dẹ́kun ìrànlọ́wọ́ bí eré bá ti dé máìlì 15 àbọ̀ ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni òfin kà á sí: yóò gba ìwé ìwakọ̀, nọ́ńbà àti ìnṣọ́ráǹsì. Ẹni tí ń pe ènìyàn sí ìrun kò gbọdọ̀ di ẹni tí ọlọ́pàá ń pè. Mo dá owó mi padà sápò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi ẹ̀rọ sí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí. Àwọn kan fi í sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí àwọn sípóòkù ti pàdé. Èyí kò wọ́n, ó sì dára fún títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n gíà kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí òkè bá ga tí eré sì lọ sílẹ̀, yóò máa gbóná, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn fi í sí ibi pẹ́dààlì. Ṣéènì ni èyí ń fà, nítorí náà bí a bá ti yí gíà sílẹ̀, òkè di ìrọ̀rùn fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń tètè jẹ ṣéènì. Èyí ni ó yẹ ẹni tí ń lọ sórí òkè.

Mo gun mẹ́ta wò nínú irú kejì yìí. Bosch Performance Line CX àti Shimano EP8 tí ó jáde ní ọdún 2020, agbára ìyípo 85 newton-metre ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. TQ HPR50 ní 50 péré, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kò tó kìlógíráàmù méjì, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ orúnkún mi kò fẹ́ràn rẹ̀, owó wa kò sì tó o. Láàárín àwọn méjì yòókù, ẹsẹ̀ mi kò mọ èyí tó ju èkejì. Níbẹ̀ ni mo rántí ìbéèrè ìyá wọn. Oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní òpópónà wa ń tún Bosch ṣe. Bosch ni mo mú.

Bátìrì oníwáàtì-wákàtí 500 ni mo gbà, nítorí wákàtí méjì ni ìrìn wa, èyí tó tóbi jù sì wúwo. Ẹ má ṣe fi bátìrì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí iná nígbà tí ẹ bá ń sùn, ẹ má sì lo ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń rò pé òun yóò gbé e wọ bàálù lọ sílé, kí ó mọ̀ pé 160 ni òpin ohun tí wọ́n lè fún èrò láyè láti gbé, pẹ̀lú àṣẹ pàápàá.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo dé orí òkè, mo wẹ̀yìn, ọmọ mi ṣì ń bọ̀. Nígbà tí ó dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kí n gun tiyín wò.” Òfin gba ẹni ọdún 14 sókè láyè, mo sì fún un. Mo fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni ó kọ́kọ́ bi mí pé, aago mélòó ni a ó jáde?