Gbé Bébà Kúrò Nílẹ̀

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
14 Òkúdù, 2024

Àyìnlá, àbúrò mi,

 

Màmá ní ẹnjiníà ti gbowó lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù yìí, síbẹ̀ bébà ṣì ń há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ ní Mọ́kọ́lá. Jọ̀wọ́, má sanwó kankan mọ́ títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo wo fọ́tò ṣọ́ọ̀bù tí o fi ránṣẹ́ dáadáa. Orí sìmẹ́ńtì lásán ni páálí bébà rẹ wà, wọ́n fara ti ògiri lábẹ́ fèrèsé, o sì ti ya ìwé ara rímù mẹ́ta sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ ti ń wá.

Bébà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ bíi gàrí tí a kò dé. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, á wú, etí rẹ̀ á rí wúruwùru, ewé méjì á lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rọ á sì gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi iná yan tónà mọ́ bébà tún gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì. Omi inú bébà á di oru níbẹ̀, bébà á ká kò, á há. Ẹnjiníà á yọ ọ́, á gbowó ẹ̀, bébà tútù kan náà ni o ó tún kó sí i.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbí, wọ́n já bébà fún wa nínú òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ, mo sì tú u lójú ẹsẹ̀ nínú yàrá tó móoru. Ìrì sẹ̀ sí i lára, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́, mo sunkún délé. Láti ìgbà yẹn, bébà tó bá ti ibi tútù wá gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kí n tó tú u. Tí o bá gbé tìrẹ jáde láti yàrá amúlétutù, ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní kí káfíńtà kan pákó tó ga díẹ̀ nílẹ̀ fún ọ. To páálí lé e, kí ó má kan ògiri. Rímù kan tó kìlò méjì àbọ̀, nítorí náà má tò ó ga jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ á tẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ni kí bébà wà, má gbé e dúró rárá. Ìwé tí wọ́n fi wé rímù ni ó ń dènà ọ̀rinrin. Má ya á àfi tí o bá fẹ́ lò ó. Lálẹ́, kó èyí tó kù nínú ẹ̀rọ jáde, fi í sínú ike tó ní ìdérí. Nígbà ọyẹ́, gbígbẹ ni yóò máa mú ewé bébà fa ara wọn mọ́ra. Ike yẹn kan náà ni kí o lò.

Mo mọ bí o ṣe forí ṣe fọrùn ṣe kí o tó ra ẹ̀rọ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, gbé àwọn páálí náà kúrò nílẹ̀ lónìí, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀kẹ́